Títì ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ fi màmá àgbà sílẹ̀: ọ̀rọ̀ Queens Boulevard

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan ná. Títì kan wà tó fẹ̀ tó 60 mítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ìyẹn bíi 200 ẹsẹ̀ bàtà. Màmá àgbà kan tó ti lé ní 80 ọdún fẹ́ sọdá ẹ̀, báàgì ọjà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì. Àwọn tó ń ṣètò iná tiráfíkì ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ohun tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n ni pé èèyàn á rin ẹsẹ̀ bàtà 4 ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó bá rí bẹ́ẹ̀, 50 sẹ́kọ́ńdì ti tó. Ṣùgbọ́n màmá yìí ò lè rìn tó bẹ́ẹ̀ láéláé, tó bá fi lè rin méjì àbọ̀ ó ti sáré nìyẹn, ẹ pín in fúnra yín, 80 sẹ́kọ́ńdì ló máa gbà á. Iná ti padà, mọ́tò ti ki eré mọ́lẹ̀, màmá ṣì wà láàárín títì tó ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ pé kí ló dé tí ò tètè rìn, ẹ ṣe sùúrù, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Queens Boulevard ni títì yẹn, ní Queens nílùú New York. Ó gùn ju máìlì 7 lọ, bíi kìlómítà 12, láti ìdí bíríìjì Queensboro tó sọdá sí Manhattan títí dé Jamaica (àdúgbò ni Jamaica tí mo ń wí yìí o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè àwọn onírẹ́gè). Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé apá ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo dé sí nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ lẹ́yìn tá a jẹun tán kì í ṣe ti òtútù, kì í ṣe ti pépà, ó ní "wò ó, àbúrò, tó o bá fẹ́ sọdá Boulevard, má gbójú lé iná nìkan, ojú dẹ́rẹ́bà ni kó o máa wò." Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Àṣé àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ ti sọ títì yẹn lórúkọ tipẹ́tipẹ́, Títì Ikú ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ yẹn kì í ṣe ẹnu lásán. Láàárín 1993 sí 2000, ẹlẹ́sẹ̀ 72 ni mọ́tò pa níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọdá. Nínú ọdún 1997 nìkan, 18. Tẹ́ ẹ bá wá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti 1990 títí di ìgbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ gidi dé ibẹ̀, ẹni tó kú lé ní 180, àtonímọ́tò àtoníkẹ̀kẹ́ àtẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ gan-an nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yẹn. Títì kan ṣoṣo là ń sọ o.

Báwo ló ṣe wá rí bẹ́ẹ̀? Ìtàn ibẹ̀ dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n ṣí bíríìjì Queensboro, oko ló ṣì pọ̀ jù ní Queens nígbà náà, bí bíríìjì ṣe ṣí báyìí làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì fẹ títì lójú láti gbà wọ́n. Ọkọ̀ trolley tó ń fi iná mànàmáná rìn lórí irin ń gba àárín ẹ̀ kọjá, 1937 ló kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1917 wọ́n gbé ojú irin gba orí ẹ̀ ní Sunnyside, òun náà ni tréènì 7 ṣì ń gbà dòní. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, wọ́n tún gbẹ́ ihò sábẹ́ títì náà, tréènì abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí Forest Hills lọ sí Jamaica. Ẹ wá rò ó wò, tréènì lókè, tréènì nísàlẹ̀, ibi tí tréènì bá wà ni wọ́n máa ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí, ni ilé ńlá ńlá bá bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé ìwé, ilé oògùn, sínágọ́gù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ tréènì gbọ́dọ̀ sọdá, ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì náà gbọ́dọ̀ sọdá.

Gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, Robert Moses dé. Ẹni tó bá mọ ìtàn New York á ti gbọ́ orúkọ bàbá yìí, òun ló la ọ̀pọ̀ nínú àwọn márosẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tiẹ̀, ní 1941, wọ́n fẹ́ sọ Queens Boulevard di márosẹ̀ pátápátá, ogun àgbáyé kejì dé, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni títì náà fi dà bí àjàò, kò ṣeku kò ṣẹyẹ. Tó o bá wà nínú mọ́tò, ojú márosẹ̀ lo máa fi wò ó, ó gbòòrò, ó lọ tààrà, ẹsẹ̀ ẹ á ṣáà máa wuwo lórí tọ́tù ni. Tó o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àdúgbò ẹ ni, ibi tó o ti ń ra tòmátì. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, àwọn méjèèjì ló sì ń pàdé láàárín títì.

Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyí, kẹ́ ẹ lè fojú inú wò ó: ní àárín, mọ́tò ń gba ọ̀nà mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lẹ́yìn pèpéle, sáfíìsì léènì (ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó wà níwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù), ọ̀nà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì. Tẹ́ ẹ bá kà á, ibòmíì wà tó tó ọ̀nà 12. Ohun tó wá burú jù lójú tèmi ni àwọn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dá sí pèpéle yẹn káàkiri, kí mọ́tò tó wà láàárín lè yọ sí sáfíìsì léènì láìdúró. Ẹni tó ń sá 45 máìlì ní wákàtí kan á kàn fà á sápá ọ̀tún, eré yẹn náà ló máa bá wọ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ wà. Ẹlẹ́sẹ̀ ò retí ẹ̀, nítorí iwájú ló ń wò. Oníkẹ̀kẹ́ tó wà nínú sáfíìsì léènì ò lójú lẹ́yìn. Kódà dẹ́rẹ́bà mìíì tó ń rọra bọ̀ nínú sáfíìsì léènì ò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Àwọn ìjọba ìgbà yẹn ò kúkú kawọ́ gbera, ká má parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n gbé pátákó sí etí títì, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé mọ́tò pa ẹlẹ́sẹ̀ kan níbi tó ti ń sọdá níbí yìí, ẹ wà lójúfò, ẹ máa ṣọ́ra sọdá. Mi ò mọ bó ṣe rí lára yín, èmi rò pé pátákó yẹn ò dáa. Ẹ mọ̀ pé ibí yìí ń pa èèyàn, ẹ tiẹ̀ mọ igun tó ti ń pa wọ́n, ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó kàn lè kà á kó tó sọdá? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá. Wọ́n tún na ọgbà irin sórí pèpéle kí àwọn èèyàn má bàa gba ibi tí kò sí ìlà sébírà kọjá, ọlọ́pàá sì lè fún ẹni tó bá sọdá níbi tí kò yẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì (òfin yẹn, ọdún 2024 ni New York tó fagi lé e).

Ibi tí mo ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín rèé o. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mọ́tò bá gbá èèyàn nísàlẹ̀ bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Ikorodu Road, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni "ṣé kò rí bíríìjì ni?" A kì í bèèrè pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀, a kì í bèèrè bóyá orúnkún ń dun ẹni náà, a kì í sì í bèèrè ẹni tó la irú títì bẹ́ẹ̀ kọjá láàárín ọjà àti ilé. Ẹni tó ti kú ò lè fèsì, ìyẹn ló fi rọrùn láti dá a lẹ́bi.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n ṣe díẹ̀ tó nítumọ̀. Wọ́n dín eré tí òfin gbà láyè kù láti 35 sí 30 máìlì, wọ́n fi kún àkókò tí iná ń fún ẹlẹ́sẹ̀, ó tó 60 sẹ́kọ́ńdì láwọn ibì kan. Ikú náà dín kù lóòótọ́, kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n títì ṣì rí bó ṣe rí, ẹni tó bá rí títì tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù tí kò sí gó-síló lóru, tí wọ́n ní kó má ju 30 lọ, ṣé pátákó ló máa tẹ̀ lé ni àbí ohun tójú ẹ̀ ń rí?

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́dún 2014. Bill de Blasio ṣẹ̀ṣẹ̀ di méyọ̀, kò tíì lò tó oṣù kan lórí àlééfà tó fi kéde ètò tí wọ́n ń pè ní Vision Zero. Sweden ni wọ́n ti mú un, ilé aṣòfin ibẹ̀ ti gbà á wọlé láti 1997. Ohun tó wà nínú ẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòroó ṣe: ẹ̀dá ò lè ṣe kó má ṣàṣìṣe, ọmọdé á sáré lé bọ́ọ̀lù, arúgbó á rìn díẹ̀díẹ̀, dẹ́rẹ́bà á gbàgbé wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́, torí náà ẹni tó ń ṣe títì ni kó ṣe é débi pé àṣìṣe yẹn ò ní di ikú. Ní November 7, 2014, 25 máìlì di òdiwọ̀n eré káàkiri ìlú náà àfi ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíì sí. Ẹ má fojú kékeré wo máìlì márùn-ún o, mọ́tò tó gbá èèyàn ní 20 máìlì, ọ̀pọ̀ ló máa ń yè é, tó bá fi máa di 40, ọ̀pọ̀ ni kì í dìde mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún Queens Boulevard, Polly Trottenberg ni kọmíṣánnà ọkọ̀ ìrìnnà ìlú nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn ò dúró de owó ńlá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Woodside, lórí máìlì kan àti díẹ̀ péré, wọ́n gbé ọ̀dà, wọ́n gbé òpó rọ́bà, wọ́n gbé pátákó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kọnkéré tó ń gba ọdún púpọ̀, wọ́n ní ìyẹn á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn ẹnu ọ̀nà àsápajúdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n dí òmíràn pa, àwọn tó kù, wọ́n yí wọn débi pé mọ́tò á kọ́kọ́ dúró pátápátá kó tó wọ sáfíìsì léènì. Wọ́n fa ìlà sébírà kọjá orí pèpéle, wọ́n fi ọ̀dà fẹ pèpéle náà lójú kí ẹni tí iná bá bá láàárín ọ̀nà lè ní ibi tó máa dúró sí láìsí pé mọ́tò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láṣọ. Wọ́n tún ètò iná ṣe. Wọ́n wá mú ọ̀nà kan nínú sáfíìsì léènì, wọ́n sọ ọ́ di ti oníkẹ̀kẹ́ (ológeere ni mò ń wí, kì í ṣe Màrúwá), wọ́n tún la ojú ẹsẹ̀ kékeré fún ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníkẹ̀kẹ́ yìí, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ jù ní Queens kì í ṣe àwọn òyìnbó tó ń wọ ṣòkòtò àfaramọ́ra lọ ṣe eré ìdárayá, àwọn àjòjì tó ń gbé oúnjẹ kiri pọ̀ lára wọn, báàgì onígun mẹ́rin lẹ́yìn, fóònù níwájú, òjò àti yìnyín. Tẹ́lẹ̀, àárín ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n páàkì àti mọ́tò tó ń sáré ni wọ́n ń gbà, ẹnì kan á kàn ṣí ilẹ̀kùn láìwo ẹ̀yìn, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n gbé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tuntun sí fi jẹ́ ọgbọ́n gidi: ẹ̀gbẹ́ pèpéle ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Lápá pèpéle kò sí mọ́tò tó ń ṣílẹ̀kùn, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń yà sí bọ́stọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tó ń já ẹrù.

Àwọn onímọ́tò ńkọ́? Wọ́n pariwo, wọ́n ní wọ́n ti gba títì lọ́wọ́ àwọn. Ẹ padà wo bí wọ́n ṣe ṣe é, ọ̀nà mẹ́ta lọ mẹ́ta bọ̀ tó wà láàárín, wọn ò gé e kù, inú sáfíìsì léènì ni wọ́n ti gé nǹkan. Oníwàhálà tó fẹ́ já gba sáfíìsì léènì lọ síwájú àwọn tó tò sínú gó-síló ni wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ sì pọ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Dẹ́rẹ́bà tó ń rọra lọ jẹ̀gbádùn o, torí kò sẹ́ni tó máa já lù ú láti ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kúrò ní Woodside. Ní New York, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀, wọ́n lè dámọ̀ràn, àmọ́ àṣẹ kì í ṣe tiwọn. Ní 2016, ìgbìmọ̀ Community Board 4 tó ń rí sí Elmhurst dìbò pé àwọn fara mọ́ gbogbo iṣẹ́ náà àfi ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò. De Blasio ní kí wọ́n lọ ṣe é bó ṣe wà, wọ́n sì ṣe é. Àwọn kan ní ìwà ìjẹgàba nìyẹn, mo gbọ́ wọn, àmọ́ èmi ò rí bí wọ́n ṣe lè fi ìbò pinnu bóyá ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri á délé. Ní 2017 iṣẹ́ dé Rego Park. Forest Hills ló wá di eegun ẹja sọ́nà ọ̀fun. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní tí wọ́n bá gba ibi páàkì lọ, oníbàárà ò ní wá mọ́, ìgbìmọ̀ ibẹ̀, Community Board 6, dìbò lòdì sí i ní 2018, iṣẹ́ dúró. Méyọ̀ tó dá ìgbìmọ̀ Elmhurst kọjá ò dá ti ibí yìí kọjá, ó fi sílẹ̀ títí sáà ẹ̀ fi parí. 2024 ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba Forest Hills já. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko lórí títì kan tí wọ́n ti ń pè ní Títì Ikú, nítorí ibi páàkì.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ bóyá ó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015 títí 2017 fi parí, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kan, kò sí oníkẹ̀kẹ́ kan tí mọ́tò pa lórí Queens Boulevard. Títì tó pa 18 lọ́dún kan ṣoṣo. Ìjọba wá ń yangàn, wọ́n ní kì í ṣe Títì Ikú mọ́, Títì Ìyè ni. Ọ̀rọ̀ yẹn yá jù, torí ní 2018 mọ́tò tún pa ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àtìgbà náà, ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò padà sí bó ṣe wà ní 1997, kò sì tíì tán.

Kò sì lè tán bó ṣe wà yìí, èrò tèmi ni. Ìbú títì náà ṣì wà níbẹ̀, 60 mítà ṣì ni 60 mítà. Ọ̀dà kì í dá mọ́tò dúró, òpó rọ́bà kì í dá a dúró, tírélà á gorí ẹ̀ kó tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n sọ pé ó ń bọ̀, ìyẹn ló máa sọ pèpéle di pèpéle lóòótọ́.

Mo padà lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wọ́n ti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i nílé, fọ́tò mọ́tò ẹ̀ wà nínú ẹ̀, kámẹ́rà ẹ̀bá ilé ìwé kan ló mú un, 50 dọ́là. Kámẹ́rà yẹn kì í sì í mú èèyàn àyàfi tó bá fi ju 10 máìlì lọ kọjá ohun tí òfin sọ, ẹ wá wo eré tó ń sá. Ó bú wọn, ó bú ìjọba, ó bú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ó ní kò sí ibi tóun máa páàkì sí mọ́ tóun bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ẹ̀ kàn ń fi ẹ̀rín bo ẹnu. Ó sanwó. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, ó gbé wa gba Boulevard, mo yọjú wo mítà, 25 géérégé. A dé ibi iná kan ní Rego Park, iná pọ́n, ó dúró. Bàbá arúgbó kan ń sọdá níwájú wa, iná tiẹ̀ ń ka òǹkà sísàlẹ̀, nígbà tó máa kù 5 ó ti dé orí pèpéle àárín, ó dúró síbẹ̀, ó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó mí. Iná wa ti tú, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbéra.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tú yín sílẹ̀ o."

Ó ní, "Mo rí i. Jẹ́ kó gbé báàgì ẹ̀ ná."